Ọlọ́run Tí Wọ́n Gbé Òkú Rẹ̀ Sin

Kí n tó gbọ́ pé wọ́n rí òkú ọkọ mi, wọ́n ti sin ín. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní etíkun Ìlàjẹ, ẹni tí omi bá pa, wọn kì í gbé e wọ ilé. Ibi tí òkun bá jù ú sí ni wọ́n ń sin ín sí, lórí yanrìn, lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn ará abúlé kékeré kan tó jìnnà sí tiwa díẹ̀ ló rí i láàárọ̀, nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ọkọ̀ wọn sómi. Wọ́n mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó máa ń ra àwọ̀n lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí, òun náà sì gba ọkọ̀ lọ. Èmi wà ní ọjà Igbókòdá, mo kó ẹja yíyan lọ tà. Nígbà tí mo fi máa dé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti wẹ̀, ó ti jókòó sórí pákó iwájú ilé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

"Ìyàwó," ó ní, "a ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán."

Mo bi í pé báwo lojú rẹ̀ ṣe rí.

"Ìyẹn lo ò gbọ́dọ̀ bi mí."

Mi ò sì bi í mọ́.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí. Mi ò fìgbà kankan rò pé ọkọ mi ṣì wà láàyè níbì kan. Àwọn opó kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbọ́ ìró àjẹ̀ nínú omi, wọ́n á dìde wo ẹnu ọ̀nà. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tí wọ́n jọ lọ sókun rí i nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé. Nígbà náà, epo rọ̀bì ti bo àwọn odò kéékèèké wa, ẹja tó ń yé síbẹ̀ ti kú tàbí kó ti sá, àwọn apẹja sì ń lọ jìnnà, títí dé ẹ̀gbẹ́ pèpéle irin tí àwọn elépo rì mọ́ inú òkun, nítorí pé ẹja máa ń kó jọ síbi tí iná ńlá bá wà. Ibẹ̀ ni ìjì ti ká wọn mọ́. Nítorí náà mo mọ̀ pé ó kú. Ohun tí mi ò ní ni ojú rẹ̀. Ojú tó fi jáde nílé ló wà lọ́kàn mi, kò sì sí bí mo ṣe lè fi ojú yẹn sin ènìyàn.

Mo fara dà á fún ọdún bíi mélòó kan. Ìgbà tí ìròyìn dé pé òkun ti ń jẹ abúlé tí wọ́n sin ín sí ni ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti ń tú pákó ilé wọn, wọ́n ń kó o sẹ́yìn, wọ́n tún ń kọ́ ọ. Òkun á tún dé, wọ́n á tún tú u. Mo rò ó pé bí wọ́n bá ń gbé ilé sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa gbé sàréè sẹ́yìn. Ìjọ wa ní ilẹ̀ ìsìnkú kan lókè, lórí ilẹ̀ pupa tí omi ò lè dé. Mo pinnu pé mo fẹ́ hú ọkọ mi, kí n wò ó, kí n fi aṣọ wé e, kí n sì gbé e lọ síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti di opó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ bá, torí pé òun nìkan nínú ẹbí ló mọ ojú ibẹ̀. Ó ń so àwọ̀n.

"Bàbá, mo fẹ́ lọ gbé bàbá àwọn ọmọ."

"Gbé e lọ síbo? Ṣé ó ránṣẹ́ sí ọ pé òun ń rìnrìn àjò ni?"

"Sí ilẹ̀ ìjọ. Òkun ń bọ̀ níbẹ̀."

Ó fi abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀. Ó ní, "Òkun ló gbé e. Òkun ló tún jù ú sílẹ̀ fún wa. A sin ín sí ẹnu ibodè òkun, ó parí. Bí o bá lọ hú u, òkun á ní a gba ohun òun, á sì wá gba pààrọ̀. Ọmọkùnrin rẹ tó ń lọ sómi, mélòó ni?"

"Méjì."

"Ó dáa. O ti dá ara rẹ lóhùn."

Mo ní, "Bàbá, Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ọlọ́run wo? Ọlọ́run ti pín iṣẹ́ fún oníkálukú, ó ti gòkè lọ jókòó. Ó fún ilẹ̀ ní ti ẹ̀, ó fún òkun ní ti ẹ̀. Ṣé o rò pé Ọlọ́run máa sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yanrìn?"

Kí ẹ má sì rò pé kì í ṣe onígbàgbọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kì í pa ìsìn jẹ. Aṣọ funfun rẹ̀ máa ń mọ́ ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n mo rí i lọ́jọ́ náà pé Ọlọ́run tó ń kọrin sí lọ́jọ́ Ìsinmi jìnnà réré, àti pé tí ó bá ti kúrò nílé ìjọ, àwọn tó wà nítòsí ló ń bá ṣe àdéhùn. Mi ò dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá ń jẹun nínú òkun á mọ irú ojú tí òkun fi ń woni.

Mo lọ bá Bàbá Ìjọ. Àgbàlagbà jẹ́jẹ́ ni, ẹsẹ̀ lásán ló máa ń fi rìn bíi ti gbogbo wa nínú ìjọ náà, ó sì ti gbààwẹ̀ fún àwọn ọmọ mi rí nígbà tí ara wọn ò yá. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, "Ọmọ mi, ara ènìyàn, aṣọ ni. Ọkọ rẹ ti bọ́ aṣọ yẹn sílẹ̀. Kí lo fẹ́ fi àkísà ṣe? Ẹ̀mí ló wà lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá, bí ó bá sì tó àkókò, ibi yòówù kí eegun wà, nínú òkun tàbí lókè, Ó mọ̀ ọ́n."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo kúrò. Lójú ọ̀nà, bí mo ti ń rìn lórí afárá pákó, ọ̀rọ̀ náà ò fi mí sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ níbòmíràn. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ara, aṣọ ni. Àwọn tí kò wọ ilé ìjọ rí ń sọ ọ́. Mo wá ń bi ara mi pé, kí ló wá wà nínú ẹ̀sìn tiwa tí kò sí níbòmíràn?

Tíṣà kan láti Èkìtì háyà yàrá kan nílé wa nígbà náà. Ó kàwé gan-an, ó sì máa ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ò gbà pé Ọlọ́run wà. Ohun kan tó ń bà á lẹ́rù ni omi. Bó bá wọ ọkọ̀, àárín gbùngbùn ló ń jókòó sí, á di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì mú, á máa kùn wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Mo bi í léèkan pé, "Tíṣà, Ọlọ́run tí ẹ ní kò sí yìí, ta wá lẹ̀ ń pè lórí omi?"

"Awakọ̀ ni mò ń pè, mà. Òun ló wà nítòsí."

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ sàréè fún un, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká rò ó. Bí Ọlọ́run bá lè dá òkun yìí dúró tí kò dá a dúró, kò ṣeun. Bó bá ṣeun tí kò sì lè dá a dúró, kí la wá ń pè é ní Olódùmarè fún? Èmi ti fi í sílẹ̀. Eegun ló wà nínú yanrìn yẹn, iyọ̀ sì ti jẹ ẹ́. Ẹ má lọ wò ó. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́kàn yín bẹ́ẹ̀."

Mo mọ̀ pé àánú mi ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mo padà sídìí ẹja mi, mo sì ronú sí i. Ọkùnrin mẹ́ta ni mo bá sọ̀rọ̀. Ọlọ́run ti ọ̀kan jìnnà. Ti ọ̀kan lágbára, ó mọ ibi tí eegun wà. Ti ọ̀kan kò sí rárá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè jókòó sídìí tábìlì kan kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí Ọlọ́run, ṣùgbọ́n lórí ọkọ mi, ohùn wọn dọ́gba: kí n fi í sílẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tó sọ ohun mìíràn ni obìnrin tó ń ra ẹja lọ́wọ́ mi. Mùsùlùmí ni, láti òkè ló ti ń wá, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́ rí. Ó ń ya ẹja sọ́tọ̀ lórí àtẹ, mo ń ro ẹjọ́ sàréè ọkọ mi fún un.

"Oníbàárà mi, ẹ má bínú o," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé Ọlọ́run kú. Ọlọ́run tó kú! Ta ló wá ń bójú tó ayé nígbà tó wà nínú sàréè?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀, ẹ sì ń jó sí i! Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹja yìí ti yan jù, ẹ wò ó, ó dà bí ẹsẹ̀ bàtà ọkọ mi."

Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù nínú mi. Mo sọ fún un pé ìdí tó fi ń rẹ́rìn-ín gan-an ni mo fi gbà á gbọ́. Mo ní, bí wọ́n bá ní kí n fi èrò orí ara mi ṣe Ọlọ́run, bí gbogbo ènìyàn ṣe ṣe é lèmi náà á ṣe é: á tóbi, kò ní bí, a ò ní bí i, kò ní kú. Irú Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ yé ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó tí á ronú kan Ọlọ́run tí wọ́n ní láti lọ tọrọ òkú rẹ̀ lọ́wọ́ ìjòyè, tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ wé e, tí wọ́n sì tẹ́ ẹ sínú ibojì ẹlòmíràn torí pé kò ní tirẹ̀? Èyí nìkan ni mi ò tíì gbọ́ níbòmíràn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀sìn wa ò ju ti àwọn yòókù lọ, ó tilẹ̀ lè kéré sí wọn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti jẹ́ òkú rí, ẹnì kan sì ti fọwọ́ kan òkú yẹn pẹ̀lú ìfẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé àkísà ni.

Mo tún ní, "Ẹ sì wo àwọn obìnrin tó gbé òróró lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ń yìn wọ́n fún ìgbàgbọ́. Ìgbàgbọ́ wo? Ẹni tó bá gbà pé òkú máa jí kì í gbé òróró lọ kùn ún. Wọ́n ti gbà pé ó parí. Wọ́n kàn fẹ́ tọ́jú rẹ̀ ni. Ohun tí àwọn yẹn fẹ́ náà lèmi ń fẹ́."

Ó fi ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọlọ́run ò kú," ó ní, jẹ́jẹ́. "N ò lè bá yín sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ gbé ọkọ yín. Lọ́dọ̀ tiwa, bí omi bá fẹ́ gba sàréè, àwọn àlùfáà ní kí wọ́n gbé òkú kúrò níbẹ̀. Kí lẹ ń dúró dè?"

Mo padà lọ bá Bàbá Ìjọ, mo sì tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un, láìfi ọ̀kankan pamọ́, títí kan ti àwọn obìnrin olóróró. Ó wo ilẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wàásù ibojì náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta, ọjọ́ àjíǹde, lòun máa ń tètè sáré dé. Ó bá mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kọ̀, ó tún kọ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó, ẹ̀ẹ̀rùn sì ń lọ. Nígbẹ̀yìn ó ní, "Bí Bàbá bá lè gbàdúrà lé orí omi kí a tó wa ilẹ̀, mo lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó, bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ìwọ lo ní ká wá o."

Mo ra aṣọ funfun. Mo ra òwú àti lọ́fínńdà. Mo ní kí wọ́n kan pósí kékeré kan, torí mo mọ̀ pé eegun ló kù.

Owúrọ̀ ni a lọ, àwa mẹ́ta àti awakọ̀. Òkun rọlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a dé, n ò mọ̀ pé abúlé ni. Òpó ilé nìkan ló kù nínú omi, wọ́n dúró ní ìlà bí eyín àgbà. Bàbá Ìjọ gbàdúrà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó dúró létí omi, ó kọ ẹ̀yìn sókun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó ní bí ènìyàn bá ti etí omi gòkè, tó bá rìn tó ibi tí ilé mẹ́ta lè gbà, ibẹ̀ ni. Ó dúró. Ó fi gìgísẹ̀ tẹ yanrìn.

"Ibí ni."

Wọ́n wà á. Yanrìn ló ń jáde, ó mọ́, ó funfun. Mo kúnlẹ̀ létí ihò, mo tẹ́ aṣọ sórí itan. Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ru jáde láti ìsàlẹ̀. Wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n wa apá ọ̀tún. Wọ́n wa apá òsì. Òógùn bo ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kò fẹ́ kí awakọ̀ gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ òun.

Bàbá arúgbó kan jáde láti inú àtíbàbà kan lẹ́yìn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò tíì kó lọ.

"Kí lẹ ń wá, ẹ̀yin ènìyàn mi? Ṣé epo lẹ̀ ń wà ni? Bó bá ti yọ, ẹ má gbàgbé onílé o."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ ọ́ fún un. Ó sọ bí wọ́n ṣe sin ín, àti ibi tó fi sàmì: láti etí omi, ibi tí ilé mẹ́ta lè gbà.

Arúgbó náà ò ṣàwàdà mọ́. Ó ní, "Etí omi wo?"

Ó na ọwọ́ sínú òkun, síbi tí ìgbì ti ń fọ́, ó tún na ọwọ́ kọjá ibẹ̀. "Ọ̀hún ni etí omi ìgbà yẹn wà. Ibi tí ẹ sin ín sí ti lọ tipẹ́. Ó ti lọ kí wọ́n tó tú ilé ìwé."

Bó ṣe yé mi nìyẹn. Ní ọ̀dọ̀ wa, etí omi la fi ń ka ohun gbogbo. A ó ní ilé kejì sí etí omi, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lókè etí omi. Òkun á jẹ ilé àkọ́kọ́, èkejì á di àkọ́kọ́, a ó sì máa pè é bẹ́ẹ̀ láìronú. Èmi náà, bí wọ́n bá bi mí, bẹ́ẹ̀ ni ǹ bá ṣe júwe rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀, tí a fi ń jiyàn nípa Ọlọ́run tó jìnnà àti Ọlọ́run tó kú, ọkọ mi ò sí níbẹ̀. Kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn obìnrin ayé àtijọ́ bá ibojì lófìfo, ó sì di ìròyìn ayọ̀. Èmi ò bá ibojì kankan.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó sínú ihò tí ó gbẹ́. Ó ní, "Ìyàwó, mo sin ín dáadáa. Mo fi ẹní wé e. Mo gbẹ́ ẹ jìn."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ojú rẹ̀..." Ó dúró. "Ojú rẹ̀ ò sí mọ́ nígbà tí mo dé. Ẹja ti jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí o bi mí."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." N ò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín gan-an, ojú tí mo ń fẹ́ rí ti lọ.

Bàbá Ìjọ sọ pé lọ́jọ́ ìkẹyìn, òkun á dá gbogbo òkú tó wà nínú rẹ̀ padà. Mo ní àmín. A gbé pósí padà sínú ọkọ̀, ó fúyẹ́, ọwọ́ kan ni awakọ̀ fi gbé e.

Láti ìgbà náà, mo ti ronú sí i dáadáa, mo sì fẹ́ kọ ohun tó kù gan-an sílẹ̀, kì í ṣe ohun tó yẹ kó kù. Mo ṣì gbà pé Ọlọ́run kú. N ò lè yẹ̀ lórí ìyẹn. Bí mo bá ń gbọ́ ìtàn náà, bí wọ́n ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí wọ́n ṣe wé e, bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn, mo máa ń mọ̀ pé òótọ́ ni, bí mo ṣe mọ ọwọ́ ara mi. Ohun tó tẹ̀lé e, pé ó jí, ni kò wọlé sí mi mọ́. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Mo sì mọ̀ pé bí ìyẹn ò bá sí, èyí tí mo dì mú ò lè gbà mí. Tíṣà ti padà sí Èkìtì. Mi ò sọ fún un, torí á rò pé òun ló borí, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, ìjọ wa máa ń kó àbẹ́là lọ sí etíkun ní ìdájí, wọ́n á máa kọrin dúró de oòrùn. Ọdún yìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yà lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Mo ti dáná sábẹ́ ẹja.

"Ìyàwó, ṣé o ò lọ ni? Wọ́n ti ń kọrin."

"Ẹ máa lọ, Bàbá. Ẹja á jóná."

Ó wo ẹja náà. Ó mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lé iná ni, kò lè jóná. Ó mú àbẹ́là rẹ̀ dání, ó sì lọ. Mo yí ẹja náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.